Bí Mo Ṣe Ṣe Ògbufọ̀ Ikùn Ọ̀gá Mi

Láti Ìsìkàn l'Àkúrẹ́ títí wọ àárín ìlú Oǹdó, kò sí ògbufọ̀ tó dà bí èmi Ọlọ́runníyì. Ẹ fi mí sáàárín ẹni méjì tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́ dé etí ẹnì kejì, mo ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, mo ti wọ òmíràn fún un, àwọn méjèèjì á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe é lórí ìtàgé, ẹnì kan ṣoṣo ò já irọ́ mi rí. Mo fọ́nnu, àbí? Mo lẹ́nu láti fọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí n ò sí lórí ìtàgé, tí ẹnikẹ́ni ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí mo sì ṣe ògbufọ̀ náà fún ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti pẹ́ nínú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tó kó jáde wàyí, bó bá fẹ́ kó fa ẹnu mi ya.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá eré wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá mi, Adébùsóyè, ọmọ bíbí Oǹdó, ló dá ẹgbẹ́ aláwàdà wa sílẹ̀. Eré tí ayé fi mọ̀ wá ni ti Àgbẹ̀ àti Ògbufọ̀. Ọ̀gá ni Àgbẹ̀, èmi ni Ògbufọ̀, Akínsànyà, àbúrò wa nínú ẹgbẹ́, á sì fi ẹfun kun ojú ṣe òyìnbó agbowó-orí. Òyìnbó á ní, “Bi í pé igi kòkó mélòó ló ní.” Èmi á yíjú sí Àgbẹ̀, màá ní, “Òyìnbó ní nínú àwọn ìyàwó rẹ, mélòó lo máa fi ta òun lọ́rẹ.” Inú á bí Àgbẹ̀, á bọ́ bùbá sọnù, á gbé ikùn síta. Háà, ikùn yẹn! Ó tóbi, ó ń dán, kò ní àpá kan, àfi ìdodo tó jókòó sáàárín bí ojú olófòófó. Ọ̀gá á dúró gbọin, ẹsẹ̀ ò ní mira, apá ò ní mira, ikùn nìkan ni yóò máa jó. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dákẹ́, á wá ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó rántí gbèsè. Mo ti rí alága káńsù tó ti orí àga ṣubú nítorí ikùn yẹn. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikùn Ọ̀gá ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ fojú inú wò ó: kí èèyàn máa jowú ikùn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀! Ẹlòmíràn ń jowú ilé, ẹlòmíràn ń jowú ọkọ̀. Èmi, ikùn ni.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí Ọ̀gá fi lé gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣubú lórí ìtàgé, ẹ má gbé e. Ẹ jẹ́ kó nà síbẹ̀, bóyá ẹ̀rín ló ń wá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré, kó fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sáré. “Etí òsì,” Ọ̀gá á wí, “ẹni tó bá rí i tí kò gbé ẹnìkejì rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, òkú ẹran ni.”

Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan le débi pé olùkọ́ tó bá rẹ́rìn-ín ní gbangba, wọ́n á bi í pé ta ló sanwó fún un. Òde gbẹ. Àwọn tó ń pè wá tẹ́lẹ̀ ti ń fi fóònù ṣe eré fún ara wọn. Àfi bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan l'Àkúrẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ ya eré Àgbẹ̀ àti Ògbufọ̀, kí gbogbo ìpínlẹ̀ rí i, lẹ́yìn oṣù kan. Ọ̀gá jó débi pé bọ́tìnnì já. Èmi náà jó. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti rí i: ojú kámẹ́rà á sún mọ́ ikùn, á máa sún mọ́ ọn, ohùn tèmi á kàn máa dún lẹ́yìn bí ohùn adìyẹ ilé kejì.

Níbi ìkórè ìjọ kan ní Ìpógun, kí oṣù náà tó pé, Ọ̀gá ṣubú láàárín eré. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ náà wá gòkè, ó kan etí òsì. Mo sáré gbé e. Ẹ jẹ́ kí n gba ìyìn ìyẹn, nítorí kò sí òmíràn níwájú. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń sọ pé inú ń ta òun díẹ̀díẹ̀. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń mu àgbo, ó sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ ẹ́ tán. Ara rẹ̀ ò gbóná púpọ̀. Ọmọdé tí àrùn yìí bá mú á ké, á ká jọ bí ìgbín, gbogbo ilé á mọ̀. Ti àgbà, ńṣe ló ń yọ́ wọlé bí ẹni tó wá jí adìyẹ. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù aládàáni kan l'Óǹdó, wọ́n wò ó, wọ́n ní ìfun kékeré tí wọ́n ń pè ní àpẹ́ńdíìsì ló wú, ó sì ti bẹ́, ọyún ti wà nínú ikùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Ọ̀gá.

Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà ń jẹ́ Reuben, géńdé kan tó ga, a gbọ́ pé apá Warri ló ti wá. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ fún wa. Ọ̀gá, ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju “yẹ́ẹ̀sì sà” orí ìtàgé lọ. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dókítà lápá ọ̀tún, Àgbẹ̀ lápá òsì, wọ́n wá gbé àga fún Ògbufọ̀ sáàárín. Olúwọlé, àkọ́bí Ọ̀gá, wà l'Ábújá, ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú fóònù tí mo gbé sórí ìrọ̀rí. Ìyá Wọlé, ìyàwó Ọ̀gá, dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di etí ìró rẹ̀ mú.

Dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì là á yé mi yékéyéké, n ò lè purọ́ pé n ò gbọ́. Ó ní, “Ẹ sọ fún Bàbá pé ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè lu ihò kéékèèké mẹ́ta sí ikùn wọn, kí n ti kámẹ́rà gba ojú ọ̀kan, kí n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ láti ojú àwọn yòókù. Fún àgbàlagbà, ó máa ń dáa bó bá ṣeé ṣe: ojú egbò kì í sábà kẹ̀, wọ́n á tètè dìde rìn, àyà wọn ò ní dí. Bí mo bá wọ inú lọ tí mo rí i pé gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, n ó là á, kí wọ́n gbà fún méjèèjì. Tàbí kí n kúkú la ikùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, àmọ́ ojú egbò á tóbi, wọ́n á sì pẹ́ nílẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀kan.” Mo bi í pé bó bá jẹ́ ti oníhò, ìgbà wo ni Bàbá á lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, kò ní pẹ́ rárá. Mo bi í pé bó bá jẹ́ pé wọ́n là á ńkọ́. Ó ní, “Ó máa tó oṣù méjì kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó le.” Oṣù méjì! Kámẹ́rà tẹlifíṣàn á ti wá, á ti lọ. Akínsànyà tó dúró lẹ́yìn mi tẹnu mọ́ mi létí, ó ní, “Bọ̀dá, bí Ọ̀gá bá sinmi díẹ̀, ṣé ayé á parẹ́ ni? Ẹ̀yin náà lè ṣe Àgbẹ̀ kẹ̀.” N ò rán an níṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ebi ń pa bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ṣé ó máa ń bèèrè ẹni tó sè é?

Ọ̀gá ní, “Níyì, kí ni wọ́n wí?” Ohùn Oǹdó rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn tí wọ́n ń sanwó wá gbọ́. Mo tẹ̀ síwájú. Mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo tún kọ́là ṣe bí mo ṣe ń ṣe é lórí ìtàgé. Mo ní, “Ọ̀gá, dókítà ní ihò-ihò kan wà tí wọ́n ń lù fún àwọn ọmọdé, àmọ́ ara àgbà ò gba kámẹ́rà. Ó ní bí òun bá ti irin bọ ikùn yín, ẹ lè máà jí mọ́. Ó ní lílà ni.” Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ikùn náà, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ó ní, “Bá mi bi í bóyá yóò ṣì lè jó.” Mo yíjú sí dókítà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, “Bàbá ní òun ò fọkàn tán ohun tí ojú ò rí. Wọ́n ní kí ẹ la òun, kí ẹ fojú yín wò ó dáadáa.” Dókítà wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?” Mo ní, “Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn gẹ́lẹ́, sà.” Ó wo Ọ̀gá, ó wo ilẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohùn Olúwọlé jáde láti orí ìrọ̀rí: “Ọ́ńkù Níyì, ohunkóhun tí ẹ bá ti bá dókítà sọ, mo fara mọ́ ọn.” Ìyá Wọlé wá sún mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Níyì, dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n…” Mo ní, “Ìyá Wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá omi gbígbóná tí a ó fi nu ara Ọ̀gá.” Fóònù ní, “Ẹ lọ, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè.” Dókítà náà nàka sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Mama, hot water, please.” Ìyá Wọlé mú fúláàsì, ó jáde.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ẹ ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n ń ti Ọ̀gá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ń bá bẹ́ẹ̀dì náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì tó ń tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ògiri. Bí a ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, Ọ̀gá yí orí sí mi. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ìrora ti gba agbára rẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí òsì. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó ń wò mí lójú. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí ó fura, tàbí ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá òun tún ọ̀rọ̀ náà bi dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ò tíì tì, tí mo bá ní “ẹ dúró,” wọ́n á dúró. Mo ní, “Ọ̀gá, bí etí bá ń yún yín, ẹ sọ fún dókítà kó kúkú gé e mọ́ ọn!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn tì. Ẹ̀rín tó dùn jù tí mo pa rí láyé nìyẹn, òkú ẹran sì ni mí.

Wọ́n là á láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀. Kò kú. Ṣùgbọ́n ojú egbò kẹ̀, wọ́n tún un rán, ó tún ṣí. Nígbà tó jinná tán, ikùn náà ti pín sí méjì bí ọjà tí òpópónà gba àárín rẹ̀ kọjá, apá kan rẹ̀ sì ń yọ síta bó bá wúkọ́, bẹ́líìtì aláṣọ ló fi ń dì í mú. Èmi ńkọ́? Mo lọ sí tẹlifíṣàn. Mo fi ìrọ̀rí ṣe ikùn, Akínsànyà ṣe Ògbufọ̀. Ìrọ̀rí náà yọ̀ sílẹ̀ sínú ṣòkòtò mi láàárín eré, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó jókòó síwájú kígbe pé, “Àgbẹ̀ gan-an dà?” Wọn ò fi eré náà hàn rí títí di òní. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ba ikùn èèyàn jẹ́ nìyẹn.

Èyí tó korò jù ni pé Ọ̀gá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ l'Óǹdó kí ikọ́ tó mú un lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò á wá, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó jó,” á fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀, á ní ikùn ti lọ sí ìrìn àjò. Bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á sọ fún àlejò pé, “Ẹ wò ó, Níyì nìyí. Bí kì í bá ṣe òun ni, wọn ì bá ti irin bọ̀ mí nínú, n ì bá ti kú.” Màá sì dọ̀bálẹ̀, màá ní, “Ọ̀gá, ẹ má dárúkọ rẹ̀ mọ́.” Wọ́n ní onírẹ̀lẹ̀ ni mí.

Lọ́dún tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta èmi náà, díẹ̀díẹ̀, bí olè adìyẹ. Àwọn ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù kan nítòsí Ìjàpọ̀ l'Àkúrẹ́. Àpẹ́ńdíìsì ni, ó ti bẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin sì ni mí. Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí, ó fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún èmi fúnra mi, ó ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́?” Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí àrùn tó pa mí. Ihò mẹ́ta ló lù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti wà nílé tí mò ń jẹ ẹ̀kọ. Mo dúró níwájú dígí, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Àpá mẹ́ta, bíńtín-bíńtín, bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹni. Mo wò wọ́n títí, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ síbi ìrántí Ọ̀gá l'Óǹdó lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a padà sílé rẹ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà: Ìyá Wọlé, Olúwọlé tó ti Abújá dé, Akínsànyà, àti Dókítà Reuben pàápàá, ó ti di ọmọ ìjọ wọn. Mo dìde, mo dojúbolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, títí kan etí òsì. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, bí wọn ò bá sì lè dárí jì mí, kí wọ́n kúkú nà mí. Mo yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tó dúró sí ẹnu géètì, mo ní ẹ má fi ohùn yín rọ́pò ohùn aláìsàn, ẹ má ṣe eré lórí ara ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Kí Ọlọ́run ṣàánú mi, mo tilẹ̀ ń dúró de àtẹ́wọ́.

Dókítà Reuben ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èdè Oǹdó ló fi sọ ọ́, Oǹdó tó jinlẹ̀ débi tí irun ara mi fi dìde. Ó ní, “Bàbá Ògbufọ̀, ẹ dìde nílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ Oǹdó ni ìyá tó bí mi.” Ogójì ọdún! Ẹni tó já irọ́ mi dúró níwájú mi, ó sì gbé e pamọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Olúwọlé ní, “Dókítà, ẹ gbọ́, ẹ sì dákẹ́?” Ó ní, “Mo dákẹ́. Ẹ̀rọ kámẹ́rà wa ti jó láti ìgbà tí iná mànàmáná ti ṣẹ́jú lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára pátákó níta, òun ló ń fa èèyàn wá. Ẹni tó bá mú oníhò, n ó fún un lóògùn oorun, n ó là á, n ó ní inú ti lẹ̀ mọ́ra. Irọ́ yín gba tèmi sílẹ̀.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Bóyá Bàbá ì bá ní kí a gbé òun lọ síbòmíràn. Mi ò mọ̀.”

Ilé wá gbóná. Olúwọlé ní òun máa gbé dókítà lọ sí kóòtù. Akínsànyà ní ta ló wà lórí fóònù tó ń sọ pé ohunkóhun tí ẹ bá ti sọ. Olúwọlé ní ta ló ń tẹnu mọ́ èèyàn létí. Dókítà ní òun ṣáà gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Èmi náà ń pariwo, n ò mọ ohun tí mò ń pariwo lé lórí. Bóyá inú ń bí mi pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi ọdún mẹ́jọ rù, ẹni tó ni ọ̀bẹ ti dá a kí n tó débẹ̀. A ń nàka síra wa bí eléré tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Olúwọlé nu òógùn ojú, ó yíjú, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá omi tútù.”

Ìyá Wọlé ò dìde. Ó ní, “Mo fẹ́ bi ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn pé kí ló fẹ́. Ẹ ní kí n lọ wá omi gbígbóná.”